Ààlè Ojú Ayélujára: Gbígba Eré Tẹlifíṣàn Sórí Ẹ̀rọ Láìgbàṣẹ Lójú Ìwà Ọmọlúàbí, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara

Àṣamọ̀

Pépà yìí gbé ọ̀rọ̀ gbígba eré tẹlifíṣàn sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ ẹni tí ó ṣe é yẹ̀wò lójú ìwà ọmọlúàbí. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òfin àwọn òyìnbó ni ó sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, àti pé Yorùbá kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ níní iṣẹ́ ọpọlọ. Pépà yìí kò fara mọ́ èrò náà. A fi iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Òsì àti Odò-Ọ̀wá, ààlè orí oko, àti ọjà ẹ̀bá ọ̀nà tí kò ní olùtajà nítòsí ṣe àpẹẹrẹ, láti fi hàn pé àwọn baba ńlá wa ti ní ìlànà tí ó lè tọ́ wa sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìparí, a sọ ohun tí olùkọ́ Yorùbá lè ṣe nínú kíláàsì rẹ̀.

Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òǹkọ̀wé pépà yìí lọ ṣe àbẹ̀wò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, èyí tí Ìlọ́fà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká jáde, ó sì fi ìran kan nínú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ orí tẹlifíṣàn han àwọn ọmọ. Nínú ìran náà, wọ́n mú ọmọ kan tí ó jí owó ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè bí ẹni ń kọrin. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni orúkọ ìkànnì àwọn ajídàkọ ń sáré kọjá ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹni tí ó ni eré yìí ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ yẹn?” Olùkọ́ náà wo ojú wa, kò rí èsì fọ̀.

Àwa náà kò lè bá a wí bí ó ti yẹ. Nínú àpò wa níbi tí a jókòó sí ni fíláàṣì kan wà tí ó kún fún irú eré bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rẹ́ wa kan dà kọ fún wa. Ìbéèrè ọmọ náà ni ó bí pépà yìí. Bí a bá ń fi eré tí a jí gbé kọ́ ọmọ pé olè jíjà kò dára, ẹ̀kọ́ wo gan-an ni a ń kọ́ ọ?

Kí ni Gbígbà Láìgbàṣẹ?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dáńlóòdù ni ó lòdì. Bí ẹni tí ó ni eré bá gbé e sí orí ìkànnì tirẹ̀, tí ìkànnì náà sì fi ààyè sílẹ̀ fún òǹwòran láti fi pamọ́ sórí fóònù kí ó lè wò ó nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, àṣẹ wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba eré tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ń gbé jáde sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀ nílé, kí ó lè wò ó nígbà tí ó bá ráyè, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní 1984, láàárín ilé-iṣẹ́ Sony tí ó ń ṣe ẹ̀rọ agbàwòrán sílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Universal tí ó ń ṣe fíìmù. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ni ó sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbígba eré sílẹ̀ láti wò ó nígbà mìíràn.

Ohun tí pépà yìí dá lé ni ẹ̀ka méjì tí ó kù. Èkíní ni kí ènìyàn lọ sí ìkànnì àwọn ajídàkọ, tàbí sí àwọn ẹgbẹ́ orí Telegram, kí ó sì gba eré tí ẹni tí ó ni ín kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gbé síbẹ̀. Èkejì ni kí ó pín in fún ẹlòmíràn tàbí kí ó tà á. A mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá ènìyàn fi iná sí fóònù, tí wọ́n sì tún máa ń kó fíìmù sínú mẹ́mórì káàdì fún owó táṣẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń jèrè, ẹni tí ó gba fíìmù ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó lo oṣù mélòó kan láti ṣe eré náà kò sì mọ nǹkan kan.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò dákẹ́ lórí èyí. A ní òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ní 1970, ìyẹn òfin tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ kan láti yan ẹni tí ó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1988. Èyí tí a ń lò lónìí ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, tí ó sì mẹ́nu ba iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní tààràtà. Òfin náà fi ààyè sílẹ̀ fún ìlò tí ó bá ìwọ̀n mu, bíi ìlò àdáni, ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, àti ìlámèyítọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí a wo nǹkan mẹ́rin kí a tó pe ìlò kan ní èyí tí ó bá ìwọ̀n mu: ìdí tí a fi lò ó, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí èyí tí a mú ti pọ̀ tó, àti ohun tí ìlò náà yóò ṣe sí ọjà ẹni tí ó ni ín. A ó padà sí nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí láìpẹ́.

Ibi tí Oúnjẹ Òṣèré ti ń Wá

Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 tí tẹlifíṣàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ti gbà pé ọ̀fẹ́ ni eré orí rẹ̀. Èyí rí bẹ́ẹ̀ lójú òǹwòran nìkan. Ẹni tí ó ṣe eré náà san owó fún òṣèré, ayàwòrán, aránṣọ, epo jẹnẹrétọ̀ àti oúnjẹ. Láàárín àwọn aṣeré aládàáni, ọ̀pọ̀ ni ó tún máa ń san owó fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kí eré wọn tó jáde. Ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ń rí owó náà padà, tàbí títa àwo eré, tàbí, ní ìsinsìnyí, iye ènìyàn tí ó wo eré lórí ìkànnì YouTube tiwọn. Ẹni tí ó bá gba eré náà lọ́dọ̀ ajídàkọ ti fo gbogbo ibi wọ̀nyí kọjá. Ó jẹun tán, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá ni èyí. Ní oṣù Kejìlá 2023, Toyin Abraham gbé fíìmù rẹ̀, Malaika, jáde ní àwọn ilé sinimá. Kò pẹ́ rárá tí ó fi ké gbàjarè pé ẹ̀dà fíìmù náà ti gba ojú ayélujára kan, nígbà tí ó ṣì wà ní sinimá, tí àwọn tí wọ́n fi owó wọn ṣe é kò sì tíì rí owó wọn padà. Ẹni tí ó ní orúkọ bẹ́ẹ̀ lè ké kí ayé gbọ́. Ọ̀dọ́ kan tí ó ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú owó àyálò, ta ni yóò gbọ́ igbe tirẹ̀? Kò ní ṣe èkejì ni. Èyí ni ohun tí ó yẹ kí ó ká àwa olùkọ́ Yorùbá lára jù lọ, nítorí pé eré tí ẹnikẹ́ni kò ṣe mọ́, a kò lè fi kọ́ ọmọ.

Aréògún Òsì: Orúkọ tí ó Jẹ́ Ẹ̀kọ́

Àwọn kan yóò sọ pé èrò yìí kò bá ti Yorùbá mu, pé gbogbo ayé ni ó ni iṣẹ́ ọnà láyé àtijọ́. Kí a tó gba bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yà sí Òsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti ìpínlẹ̀ Kwara.

Òsì ni ìlú Dàda Aréògún, agbẹ́gilére tí ó gbé ayé láti nǹkan bí 1880 sí 1954. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun lónìí, pàápàá àwọn agbárí Ẹpa ńláńlá àti ilẹ̀kùn alárà. Ẹ jẹ́ kí a fetí sí orúkọ rẹ̀. Àwọn olùwádìí ṣàlàyé pé àgékúrú ni, àti pé ohun tí ó ń sọ ni ẹni tí ó ń rí owó nínú iṣẹ́ irin Ògún, tí ó sì ń ná an fàlàlà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹ̀ka-èdè Èkìtì mọ̀ pé “eó” ni wọ́n ń pe owó. Orúkọ tí ó bá òkìkí rẹ̀ lọ yìí kò pe iṣẹ́ ọnà ní ohun ọ̀fẹ́. Ó ní owó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó fi àdá àti ọ̀bẹ ṣe é ni owó náà sì tọ́ sí.

Ṣé àwọn agbẹ́gilére kì í wo iṣẹ́ ara wọn ṣe ni? Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòkọ́ṣe ni gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Aréògún fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámgbóṣé. Bándélé ọmọ Aréògún kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti tún iṣẹ́ kọ́, òun náà sì di olókìkí káàkiri ayé. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni àdàkọ ń lọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ wà nídìí rẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ sin ọ̀gá, ó tọ́jú oko fún un, ó gbé irinṣẹ́ tẹ̀ lé e, a sì tú u sílẹ̀ ní gbangba kí ó tó dá dúró. Ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ ọ̀gá lójú fèrèsé, tí ó gbẹ́ irú rẹ̀, tí ó sì lọ fi ọjà ọ̀gá ṣòwò, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọmọ-iṣẹ́.

Bákan náà ni ó rí ní Odò-Ọ̀wá, ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìlú Bámigbóyè agbẹ́gilére, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àfihàn ńlá ní 2022. Títí di òní, àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ọnà lè wo agbárí Ẹpa kan, kí wọ́n sọ pé ọwọ́ Bámigbóyè ni èyí, ọwọ́ Aréògún ni tọ̀hún. Ọwọ́ ẹni kì í sọnù nínú iṣẹ́ ẹni. Kí a yọ orúkọ ẹni náà kúrò, kí a sì fi orúkọ ajídàkọ sí ìsàlẹ̀, ìwọ̀sí ni.

Ààlè, Òkúta Wẹ́wẹ́ àti Arìnrìn-àjò

Àṣà mẹ́ta kan wà tí ó lè là wá lójú sí i. Èkíní ni ààlè. Bí àgbẹ̀ bá fi àkísà, ìkarahun tàbí imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ sí ara igi eléso tàbí ìdì igi ìdáná, ó ti sọ̀rọ̀ láìlanu: ohun yìí ní olúwa. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sì sí ọgbà. Ẹ̀rí ọkàn ni ọgbà náà.

Èkejì ni ọjà ẹ̀bá ọ̀nà. Olùtajà kó iṣu tàbí ọsàn sílẹ̀, ó to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye rẹ̀ hàn, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí oko. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra nǹkan yóò ka òkúta, yóò fi owó sílẹ̀, yóò sì mú ohun tí ó rà. Ojú ayélujára kò yàtọ̀ sí ọjà yìí. Ọjà wà níta, olówó rẹ̀ kò sí nítòsí, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ẹni tí ó mú un lọ. Ibi tí a kò ti rí ẹni tí ń ṣọ́ wa ni a ti ń mọ ọmọlúàbí.

Ẹ̀kẹta ni ti arìnrìn-àjò tí ebi ń pa. Àwọn àgbà gbà pé ẹni tí ebi bá ká mọ́ ojú ọ̀nà lè wu iṣu kan nínú oko olóko, kí ó sun ún jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé e relé, kò sì gbọdọ̀ tà á. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé nǹkan mẹ́rin tí òfin 2022 ní kí a wò. Ìdí tí ó fi mú un: ebi. Irú ohun tí ó mú: iṣu, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tàbí ohun ìní ìdílé. Bí ó ti pọ̀ tó: ẹyọ kan. Ohun tí ó ṣe sí ọjà olóko: kò tó nǹkan. Ìwọ̀n kan náà ni òfin tuntun àti àṣà àtijọ́ ń lò.

Àwọn Àwáwí tí a Sábà Máa ń Gbọ́

Àwáwí àkọ́kọ́ ni pé ti ẹni tí ó ni ín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá jí ewúrẹ́, olówó rẹ̀ kò ní ewúrẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá da eré kọ, eré náà kò dín. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú, ìdí sì nìyẹn tí ìyà méjèèjì kò fi níláti dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ wo oníṣègùn. Bí ó bá sọ ewé tí ó ń wo àrùn kan fún ènìyàn mẹ́wàá, ìmọ̀ rẹ̀ kò dín. Síbẹ̀, kò sí Yorùbá tí yóò sọ pé kí a lọ ba sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kí a máa gbọ́ ọ. A ń tọrọ ni, a ń sìn ín ni, tàbí kí a sanwó. A ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí kì í dín náà lè ní olúwa.

Àwáwí kejì wúwo ju èyí lọ. Ẹni tí ó ń gbé ní Òsì tàbí Ìlọ́fà ní láti wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin kí ó tó rí ilé sinimá. Dátà wọ́n, iná kì í dúró, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní káàdì ilé-ìfowópamọ́ tí a fi ń sanwó fún Netflix. Kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí wọ́n ń ṣe eré ní láti mú ọjà wọn dé ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò ti ní pọ̀ jù fún mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n eré tẹlifíṣàn kì í ṣe iṣu. Ebi rẹ̀ kì í pa ènìyàn kú. Ẹni tí kò bá rówó ra aṣọ òkè lónìí, a kò ní sọ pé kí ó lọ ká ti ẹlòmíràn lórí okùn.

Àwáwí kẹta ni pé àdàkọ ni ó ń gba iṣẹ́ là. Èyí náà ní ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ BBC ní Ìlú Ọba pa ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣàn àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí téèpù, lára wọn ni eré Doctor Who ti àwọn ọdún 1960. Ohùn gbogbo apá tí ó sọnù nínú eré yìí wà lónìí nítorí pé àwọn òǹwòran gbà á sílẹ̀ nílé wọn. Ní oṣù kẹwàá 2013 ni wọ́n kéde pé a ti rí mẹ́sàn-án lára àwọn apá tí ó sọnù, ní ibùdó tẹlifíṣàn kan ní Jos, nílẹ̀ wa níbí. Ẹ̀dà tí a tọ́jú lè di ohun ìgbàlà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó gbé ọmọ kúrò nínú iná àti ẹni tí ó gbé ọmọ lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ọjà. Eré tí a kò tà mọ́, tí ó sì ń parun lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ eré tí ó jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ẹni tí ó bá tọ́jú irú eré àtijọ́ bẹ́ẹ̀ yóò wá ẹni tí ó ni ín rí, yóò sì dá a padà nígbà tí ó bá béèrè.

Ìkẹyìn ni àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn kọ́ ni àwọn jí i, pé wọ́n kàn gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó jí i ni. Òwe ti dá wọn lóhùn: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Ojúṣe Olùkọ́ Yorùbá

A dábàá ìgbésẹ̀ wọ̀nyí fún olùkọ́ àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ sí ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́:

1. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ wá eré náà ní ìkànnì ẹni tí ó ni ín. Ọ̀pọ̀ eré Yorùbá ni ó wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, wíwò ó níbẹ̀ gan-an sì ni owó tí à ń san.

2. Kí ó lo ìran kékeré tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílò, kì í ṣe odidi eré.

3. Kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó kọ eré, ẹni tí ó darí rẹ̀ àti ọdún tí ó jáde sí ojú pátákó, kí àwọn ọmọ sì dà á kọ.

4. Kí ó má ṣe pín ẹ̀dà eré náà fún àwọn ọmọ tàbí fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

5. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà kankan, kí ó kọ̀wé sí ẹni tí ó ṣe eré náà láti tọrọ àṣẹ. Ẹni tí a bá fi ọ̀wọ̀ bi sábà máa ń dáhùn.

Fún ìjíròrò nínú kíláàsì, a lè bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta yìí. Kí ni a lè pè ní ààlè lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó gba eré kan fún ara rẹ̀ àti ti ẹni tí ó tà á dọ́gba? Bí ìwọ bá ṣe eré kan, àṣẹ wo ni ìwọ yóò fún olùkọ́ abúlé tí kò lówó?

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni pé kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ní olúwa. Orúkọ Aréògún ń sọ ọ́, ààlè ń sọ ọ́, òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà sì ń sọ ọ́. Òfin 2022 kàn bá wọn gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Àṣà wa kan náà sì ni ó ní àánú fún ẹni tí ebi ń pa, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹyọ iṣu kan àti odidi ebè, ó sì mọyì ẹni tí ó gba ohun tí ó ń parun là.

Ní ti fíláàṣì tí ó wà nínú àpò òǹkọ̀wé pépà yìí lọ́jọ́ náà, a ti pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Kò rọrùn, nítorí pé eré dáradára wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára wọn ni a ti tún rí wò láti ìgbà náà ní ibi tí àwọn tí wọ́n ni wọ́n gbé wọn sí. Àwọn díẹ̀ wà tí a kò tíì rí. A ń retí wọn. Ọmọ tí ó béèrè ìbéèrè yẹn ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà báyìí. Bí ó bá tún béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn, ìrètí wa ni pé olùkọ́ náà yóò lè dáhùn láìwo ojú ẹnikẹ́ni.